Ènìyàn Laṣọ: Dókítà Adéoyè Lambo àti Àwọn Abúlé Aro

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní wèrè dùn-ún wò, kò ṣe é bí lọ́mọ. Bóyá òwe yìí ló mú kí ọ̀pọ̀ nínú àwa ọmọ Yorùbá tí a wà ní Hamburg àti Berlin máa bo àìsàn ọkàn mọ́lẹ̀. Bí oorun bá dá lójú ìyàwó ilé, bí ọmọ bá ń dá sọ̀rọ̀, tàbí tí baálé ilé ti ilẹ̀kùn mọ́rí tí kò fẹ́ rí ẹnikẹ́ni, a ó ní iṣẹ́ ló pọ̀ jù, tàbí pé ayé ló ń ṣe é. A kò ní sọ fún dókítà, a kò sì ní sọ fún ẹgbẹ́. Bẹ́ẹ̀, a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ rán ara wa létí ọmọ Yorùbá kan tó kọ́ ayé bí a ṣe ń tọ́jú irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Abẹ́òkúta ni wọ́n bí Thomas Adéoyè Lambo sí ní 1923. Ó lọ sí Baptist Boys' High School níbẹ̀, ó kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn ní Yunifásítì Birmingham, ó sì kọ́ ìtọ́jú àrùn ọpọlọ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1954, ó di olórí ilé-ìwòsàn tuntun tí ìjọba ń kọ́ sí Aro, lẹ́bàá Abẹ́òkúta.

Láyé ìgbà náà, ibi tí ìjọba amúnisìn ń kó àwọn alárùn ọpọlọ sí, irú èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Yábàá ní 1907, jọ ẹ̀wọ̀n ju ilé-ìwòsàn lọ. Lambo kò fara mọ́ èyí. Ilé-ìwòsàn Aro kò tíì parí, ṣùgbọ́n kò dúró dè é. Àwọn ará abúlé tó wà nítòsí ni ó bẹ̀ pé kí wọ́n gba àwọn aláìsàn sílé. Ó ní, ó kéré tán, ẹbí kan gbọ́dọ̀ bá aláìsàn wá. Ẹbí yìí ni yóò máa se oúnjẹ fún un, tí yóò máa fọ aṣọ rẹ̀, tí yóò máa mú un lọ gba ìtọ́jú láàárọ̀, tí yóò sì mú un padà lọ́sàn-án. Bí alẹ́ bá lẹ́, inú ilé láàárín ènìyàn ni aláìsàn ń sùn.

Lambo kò sọ oògùn òyìnbó nù, ṣùgbọ́n ó gba àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra, nítorí wọ́n mọ èdè aláìsàn, wọ́n sì mọ ohun tó ń bà á lẹ́rù. Ó gbà pé ẹni tí kò bá mọ ohun tí ènìyàn gbà gbọ́ kò lè wò ó sàn. Ní 1961, àwọn dókítà ọpọlọ láti oríṣiríṣi ilẹ̀ Áfíríkà ṣe ìpàdé àkọ́kọ́ wọn ní Abẹ́òkúta. Lambo di ọ̀gá àgbà Yunifásítì Ìbàdàn ní 1968, lẹ́yìn náà ó di igbákejì ọ̀gá àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé. Ó kú ní 2004.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá níhìn-ín gan-an. Ní àwọn ọdún 1950, ọkàn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa kan dàrú lájò, a sì dá wọn padà sílé. Lambo ṣe ìwádìí lórí ìṣòro àti ìlera àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Ìwọ̀-Oòrùn Jámánì. Ọ̀rọ̀ wa kì í ṣe tuntun.

Ní Hamburg níbí, erékùṣù Veddel náà mọ ohun tí àjò jẹ́. Ibẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi HAPAG, tí Albert Ballin jẹ́ ọ̀gá rẹ̀, kọ́ ilé sí ní 1901 fún àwọn tó fẹ́ wọkọ̀ lọ Amẹ́ríkà. Láti 2007 ni wọ́n ti sọ ọ́ di ibi ìrántí. Lónìí, ọ̀pọ̀ ará Veddel jẹ́ ẹni tó ti òkèèrè wá. Ní 2017, wọ́n ṣí ilé ìtọ́jú kan tí à ń pè ní Poliklinik síbẹ̀, níbi tí dókítà àti àwọn agbaninímọ̀ràn ti ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ òrùlé kan. Wọ́n gbà pé owó ilé, àìríṣẹ́ àti ẹ̀tanú àwọ̀ lè sọ ènìyàn di aláìsàn. Ọ̀nà yìí kò jìnnà sí ti Aro.

Ṣùgbọ́n agbaninímọ̀ràn kò lè dá a ṣe. Lambo mọ èyí, ló fi ní kí ẹbí bá aláìsàn wá. Lájò níbí, àwa náà ni ẹbí ara wa. Bí a bá gbọ́ pé ọkàn ẹnìkan nínú wa kò balẹ̀, ẹ jẹ́ kí a gbé oúnjẹ dání lọ kí i, kí a bá a dé ọ̀dọ̀ dókítà, kí a sì mú un padà sílé. Ènìyàn laṣọ. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wa wà ní ìhòòhò.