Ìṣirò Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó: Láti Ayé Owó Ẹyọ dé Ayé Náírà

Nínú ìwé ọdọọdún wa yìí, a ti ka ìtàn àwọn ọba, àwọn ìjòyè àti àwọn ìdílé wa láìmọye ìgbà. Ẹ gba èmi tí mo jẹ́ olùkọ́ láàyè lọ́dún yìí kí n sọ ìtàn ohun kékeré kan tí gbogbo wa là kọjá: ìṣirò tí a kọ́kọ́ fi ń kọ́ ọmọ.

Ohun tí ó sún mi dé ìdí ọ̀rọ̀ náà ni pé, ní ọjọ́ kan nínú kíláàsì kejì tí mo ń kọ́, mo ní kí ọmọdébìnrin kan kọ mẹ́rìndínlógún sí ojú pátákó. Ó wò mí títí, ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ ní òyìnbó." Mo sọ ọ́ ní òyìnbó, kíá ni ó kọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ìyá àgbà ọmọ yìí ń ta aṣọ ní Ìdúmọ̀tà, tí ó ń fi Yorùbá ka owó láti òwúrọ̀ títí di alẹ́.

Kí àwọn ajíhìnrere tó wá dá ilé ìwé sílẹ̀ ní Èkó lẹ́yìn ọdún 1851, ọjà ni ọmọ ti ń kọ́ ìṣirò, owó ẹyọ sì ni síléètì rẹ̀. Adolphus Mann, ọmọ Jámánì tí ó bá ìjọ CMS ṣiṣẹ́ ní Ìjàyè, ṣe àkọsílẹ̀ bí àwọn baba wa ṣe ń kà á, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní Lọ́ńdọ́nù ní 1887. Ẹni tí yóò kà á yóò da ọ̀kẹ́ owó sílẹ̀, yóò jókòó tì í, yóò sì máa fi ọwọ́ fa ẹyọ márùn-ún márùn-ún. Ìdì mẹ́rin di ogún. Ogún márùn-ún di ọgọ́rùn-ún. Ọgọ́rùn-ún méjì di igba, ó gbá a sí apá kan, ó tún bẹ̀rẹ̀.

Mann gbà pé inú kíkà owó yìí ni orúkọ òǹkà wa ti jáde, èmi náà sì gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ wò ó: a fi ẹyọ kan, méjì, mẹ́ta, mẹ́rin lé ẹ̀wá, a dúró. Láti ẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ, a kò wo ẹ̀yìn mọ́. Ogún tí ń bọ̀ níwájú ni à ń wò, a sì ń sọ iye tí ó kù kí ó pé. Àádọ́ta pẹ̀lú, ọgọ́ta tí ó dín ẹ̀wá ni. Ọmọ tí ó bá pe márùndínláàádọ́ta ti ṣe ìsọdipúpọ̀ kan àti àyọkúrò méjì kí ó tó pa ẹnu dé: ogún lọ́nà mẹ́ta, ó yọ ẹ̀wá, ó yọ márùn-ún. N kò sọ pé ó rọrùn. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi í ṣe àròpọ̀ gígùn lórí ìwé yóò làágùn. Ṣùgbọ́n kò sí ọpọlọ tí ó jí sí àyọkúrò bí ọpọlọ ọmọ tí a fi òǹkà yìí tọ́.

Fún owó ńlá, wọn a máa sín ogójì ẹyọ sórí okùn kan. Àádọ́ta okùn bẹ́ẹ̀ jẹ́ ẹgbàá. Ẹgbàá mẹ́wàá jẹ́ ọ̀kẹ́ kan. Àwọn oníròyìn rédíò tí ń pe mílíọ̀nù kan náírà ní àádọ́ta ọ̀kẹ́ lónìí, àpò owó ẹyọ ni wọ́n ń kà fún wa.

Ilé ìwé dé, òǹkà mìíràn sì bá a dé. Thomas Babington Macaulay, ọkọ ọmọ Crowther, dá CMS Grammar School sílẹ̀ ní 1859. Ọ̀pọ̀ òbí Mùsùlùmí kò fẹ́ fi ọmọ wọn sí ilé ìwé ìjọ, nítorí wọ́n bẹ̀rù pé wọn yóò sọ ọ́ di onígbàgbọ́, títí ìjọba fi ṣí ilé ìwé Mùsùlùmí ní 1896, tí Edward Blyden sì ní ọwọ́ nínú rẹ̀. Ibi yòówù kí ọmọ lọ, pọ́ùn, ṣílè àti kọ́bọ̀ ni ó bá níbẹ̀. Kọ́bọ̀ méjìlá ni ṣílè, ogún ṣílè ni pọ́ùn. Nígbà tí ó yá, ọ̀nínì mẹ́wàá di kọ́bọ̀ kan. Òǹkà mẹ́ta nínú owó kan ṣoṣo! Ti ogún nìkan ni ó bá tiwa mu. Bàbá mi wọ ilé ìwé ní 1957, ọdún tí ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Èkó. Títí ó fi dàgbà ni ó ń sọ pé orí méjìlá yẹn ni òun ti jẹ ẹgba jù.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1973, náírà gba ipò pọ́ùn: ọgọ́rùn-ún kọ́bọ̀ ni náírà kan, náírà kan sì dọ́gba pẹ̀lú ṣílè mẹ́wàá. Ara tu olùkọ́, ara tu ọmọ. Ìyá mi ní tirẹ̀ kò yí padà. Kọ́bọ̀ mẹ́wàá ni ó ń pè ní ṣílè, náírà méjì ni pọ́ùn rẹ̀. Bí ó bá rán mi lọ sí ọjà Èbúté Èrò, ìṣirò méjì ni mo ń ṣe: ọ̀kan fún un, ọ̀kan fún ilé ìwé.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó kan ni ó fi ìdánwò wádìí bóyá èdè wa lè gbé ẹ̀kọ́ ìwé. Aliu Babatunde Fafunwa, tí a bí ní 1923, ni mò ń wí. Ní 1970, nígbà tí ó wà ní Yunifásítì Ifẹ̀, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé ìwé St. Stephen's "A" ní Mọ́dákẹ́kẹ́. Kíláàsì kan kọ́ ohun gbogbo, ìṣirò pẹ̀lú, ní Yorùbá fún ọdún mẹ́fà gbáko, tí wọ́n sì ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ lọ́tọ̀. Èkejì lo Yorùbá fún ọdún mẹ́ta, ó sì yí sí Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí àṣà. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò, àwọn ti Yorùbá kò rẹ̀yìn. Nínú ìṣirò àti àwọn ẹ̀kọ́ mìíràn, wọ́n tilẹ̀ ta àwọn yòókù yọ. Fafunwa di mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ní 1990, ó sì papò dà ní 2010.

Ní November 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́. Ní November 2025, wọ́n fagi lé e, wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì ni kí a máa lò láti ìbẹ̀rẹ̀. Olùkọ́ ìjọba ni mí, n kò lè rú òfin. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ èdè Yorùbá ṣì wà lórí àkókò iṣẹ́ wa, òǹkà sì wà nínú rẹ̀. Níbẹ̀ ni mo fara pamọ́ sí. Ní ọjọ́ Jímọ̀, mo máa ń da ẹyọ sórí ẹní, àwọn ọmọ a sì máa fà á ní márùn-ún márùn-ún. Ọmọdébìnrin ọjọ́sí ti ń ka ọgọ́ta láìsinmi, nítorí ọgọ́ta péré ni ẹyọ tí mo ní. Mo fẹ́ kí wọ́n fà á dé igba. Ẹni tí ó bá ní ẹyọ nínú àpótí ìyá rẹ̀, kí ó jọ̀wọ́ fi í ránṣẹ́ sí akọ̀wé ẹgbẹ́ wa. Èmi yóò wá gbà á níbẹ̀.