Òkúta Tí Ó Ń Sọ̀rọ̀ Ìṣèlú: Èrò Àwọn Ará Gíríìsì Àtijọ́ Nínú Ère àti Ilé Wọn

Ní ọdún 480 ṣáájú ìbí Kristi, àwọn ọmọ ogun Páṣíà wọ ìlú Áténì, wọ́n sun àwọn tẹ́ńpìlì rẹ̀, wọ́n sì kó ohun tí ó wù wọ́n lọ. Lára ẹrù tí wọ́n kó ni ère idẹ méjì kan tí Antenor ṣe. Nígbà tí àwọn ará Áténì padà sórí ahoro wọn, wọ́n mọ odi ìlú, wọ́n sì wá ibùgbé fún ara wọn. Ní nǹkan bí ọdún 477, wọ́n ti ní kí Kritios àti Nesiotes ṣe ère méjì mìíràn dípò èyí tí ogun kó. Tẹ́ńpìlì ńlá ti Athena, òrìṣà tí ó ni ìlú, ní láti dúró fún ọgbọ̀n ọdún kí ó tó kàn án.

Ta ni àwọn méjì tí ọ̀rọ̀ wọn jẹ́ kánjúkánjú tó bẹ́ẹ̀? Wọn kì í ṣe òrìṣà, wọn kì í sì í ṣe ọba. Harmodius àti Aristogeiton ni orúkọ wọn, ọmọ ìlú lásán ni wọ́n. Ní ọdún 514 ni wọ́n gún Hipparchus pa, àbúrò Hippias tí ń fi agbára jọba lé Áténì lórí, àwọn náà sì fi ẹ̀mí ara wọn dí i. Àárín ọjà, níbi tí ọmọ ìlú ti ń ná ọjà tí wọ́n sì ti ń ṣe ẹjọ́, ni a gbé ère wọn sí. Thucydides òpìtàn kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́yìnwá pé ọ̀ràn ìfẹ́ àti owú ni ó fa ìpànìyàn náà, kì í ṣe ọ̀ràn òmìnira. Pé Hippias sì tún lo ọdún mẹ́rin sí i lórí oyè kí àwọn ará Spáátà tó bá wọn lé e lọ. Ìyẹn kò ní kí wọ́n sọ ère náà kalẹ̀. Ìlú mọ ìtàn tí ó fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ máa wò lójoojúmọ́.

Ṣáájú ìgbà yẹn, ère àwọn ará Gíríìsì kò rí báyìí. Ọ̀dọ̀ àwọn ará Íjíbítì ni wọ́n ti kọ́ bí a ti ń gbẹ́ òkúta ńlá sí àwòrán ènìyàn, ó sì hàn lára iṣẹ́ wọn àkọ́kọ́: ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó dúró ṣanṣan, ọwọ́ méjèèjì ní ẹ̀gbẹ́, ẹsẹ̀ òsì síwájú díẹ̀, ojú kò kúrò lọ́ọ̀ọ́kán. Ohun tí ó yí ìdúró yìí padà kì í ṣe irinṣẹ́ tuntun bí kò ṣe èrò tuntun. Àwọn ọmọlẹ́yìn Pythagoras ti ń kọ́ni pé nọ́ńbà ni ó so gbogbo ayé ró, pé bí okùn ohun èlò orin ṣe ní ìwọ̀n tí ń mú kí ohùn dọ́gba, bẹ́ẹ̀ ni ohun gbogbo tí ó dára ṣe ní ìwọ̀n tirẹ̀.

Polykleitos ará Argos mú èrò yìí wọ inú idẹ. Ó kọ ìwé kan tí ó pè ní Kanon, èyí tí ó túmọ̀ sí òṣùwọ̀n. Ìwé náà ti sọnù, ṣùgbọ́n Galen oníṣègùn jẹ́rìí sí ohun tí ó wà nínú rẹ̀: ìwọ̀n ìka sí ìka, ti gbogbo ìka sí àtẹ́lẹwọ́, ti àtẹ́lẹwọ́ sí apá, títí dé gbogbo ara. Ní nǹkan bí ọdún 440 ni ó ṣe ọkùnrin tí ó gbé ọ̀kọ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ru ìwúwo ara, ti òsì sinmi. Apá òsì ṣiṣẹ́, apá ọ̀tún rọ̀ wálẹ̀. Èyí tí ó ń ṣiṣẹ́ àti èyí tí ó ń sinmi ń dá ara wọn lóhùn ní ìdábùú ara. Idẹ Polykleitos fúnra rẹ̀ ti ṣègbé; àwòkọ tí àwọn ará Róòmù fi mábù ṣe ni aráyé ń wò lónìí. Bí ènìyàn bá ń wá orúkọ Yorùbá fún ohun tí ó wà nínú ère náà, ìwọ̀ntúnwọ̀nsì ni. Kì í ṣe àwòrán ẹnì kan pàtó. Ọmọ ìlú tí ó lè ṣàkóso ara rẹ̀ ni, tí a sì lè tìtorí bẹ́ẹ̀ fi ìbò àti ohun ìjà lé lọ́wọ́. A kò gbọdọ̀ gbójú fo ẹni tí kò sí níbẹ̀: obìnrin kò dìbò ní Áténì, ẹrú kò dìbò, àjèjì kò dìbò, òfin Pericles ti ọdún 451 sì ti sọ pé ẹni tí bàbá àti ìyá rẹ̀ bá jẹ́ ọmọ Áténì nìkan ni ọmọ ìlú.

Ọdún 447 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí Parthenon. Iktinos àti Kallikrates ni ayàwòrán ilé, Phidias ni ó mójú tó iṣẹ́ ère. Òpó mẹ́jọ ní iwájú, mẹ́tàdínlógún ní ẹ̀gbẹ́. Ìwọ̀n 4 sí 9 ni fífẹ̀ ilé náà sí gígùn rẹ̀. Ìwọ̀n kan náà ni ìpọ̀n òpó sí àlàfo láti àárín òpó kan dé àárín èkejì. Síbẹ̀, ilé tí ó jọ pé ó gún régé yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní ìlà tí ó tọ́. Ilẹ̀ rẹ̀ ga díẹ̀ ní àárín, àwọn òpó fì sínú, ikùn wọn sì wú díẹ̀. Àwọn oníṣẹ́ náà mọ̀ pé ojú ènìyàn a máa ṣìnà, wọ́n sì tẹ òkúta kí ojú lè rí i pé ó tọ́. Lára ògiri, wọ́n gbẹ́ ogun àwọn ènìyàn pẹ̀lú ẹ̀dá tí ó jẹ́ ìdajì ẹṣin, àti ogun àwọn obìnrin Amazon. Kò sí ará Áténì tí kò mọ̀ pé Páṣíà ni a ń bá wí. Ìgbìmọ̀ gbogbo ìlú tí ó dìbò fún ilé yìí, orí òkè Pnyx ni ó ń jókòó, lábẹ́ ọ̀run gbangba, láìsí òrùlé kankan.

Owó ńkọ́? Ibí ni ọ̀rọ̀ ti le. Lẹ́yìn ogun Páṣíà, àwọn ìlú etí òkun àti erékùṣù da owó jọ fún ààbò, wọ́n sì fi í pamọ́ sí Delos. Ní ọdún 454, Áténì kó àpótí owó náà wá sílé. Thucydides ọmọ Melesias (kì í ṣe òpìtàn ìṣáájú) dìde pẹ̀lú ẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n ní owó ogun ni Pericles fi ń ṣe ìlú lọ́ṣọ̀ọ́ bí obìnrin afẹ́. Gẹ́gẹ́ bí Plutarch ti ròyìn rẹ̀, Pericles fèsì pé níwọ̀n ìgbà tí Áténì bá ń dáàbò bo àwọn ìlú náà, kò jẹ wọ́n ní ìṣirò owó. Pé iṣẹ́ náà sì ń fi oúnjẹ sí ẹnu agbẹ́kùúta, káfíńtà, alágbẹ̀dẹ àti awakọ̀. Ní nǹkan bí ọdún 443, ìlú dìbò lé Thucydides jáde. Ìlú tí ó ń sanwó tí ó sì fẹ́ kúrò nínú ẹgbẹ́, ogun ni ó ń pàdé. Naxos àti Thasos ti rí i ṣáájú.

Ṣùgbọ́n àwọn kan náà tí kò jíhìn fún ẹlòmíràn jíhìn fún ara wọn dé góńgó. Wọ́n gbẹ́ ìṣirò owó Parthenon sára òkúta, lọ́dọọdún, kí ẹni tí ó bá mọ̀wé kà á. Wúrà ara ère Athena wúwo tó tálẹ́ńtì 40, Phidias sì ṣe é kí ó ṣeé tú. Nígbà tí wọ́n fẹ̀sùn kàn án pé ó jí nínú rẹ̀, Pericles ní kí wọ́n tú u kí wọ́n wọ̀n ọ́n. Lórí tẹ́ńpìlì Erechtheion tí ó tẹ̀lé e, àkọsílẹ̀ ọdún 409 sí 407 ṣì wà: ọmọ ìlú, àjèjì àti ẹrú jọ ń gbẹ́ òpó, dírákímà kan lóòjọ́ ni wọ́n kọ sí orúkọ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Olówó ẹrú ni ó ṣeé ṣe kí ó gba ti ẹrú.

Òṣùwọ̀n Polykleitos kò dúró sí Gíríìsì. Àwọn ará Yúróòpù sọ ọ́ di ohun tí wọ́n fi ń wọn iṣẹ́ gbogbo ayé, wọ́n tilẹ̀ gbàgbé pé wọ́n máa ń kun àwọn ère náà ní ọ̀dà pupa àti búlúù. Ní ọdún 1910, Leo Frobenius ará Jámánì dé Ilé-Ifẹ̀, ó rí orí idẹ tí a ń pè ní Olókun. Ojú àti ìwọ̀n orí náà dára lójú rẹ̀ dé ibi pé kò lè gbà pé ọwọ́ adúláwọ̀ ni ó ṣe é. Ó ní àwọn ará Gíríìsì tí ó tẹ̀dó sí etíkun Áfíríkà ni, pé ilẹ̀ Yorùbá ni Atlantis tí ó sọnù. Ní ọdún 1938, àwọn tí ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ hú àwọn orí mìíràn jáde. Àyẹ̀wò tí ó tẹ̀lé e gbé wọn sí àárín ọ̀rúndún kejìlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún lẹ́yìn ìbí Kristi, nígbà tí Áténì Pericles ti di ìtàn fún ohun tí ó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún.

Lọ́ńdọ̀n ra ère Parthenon tí Elgin kó wá ní ọdún 1816, ó gbé wọn sí British Museum. Ilé kan náà ni ó gba idẹ Benin lẹ́yìn ogun ọdún 1897. Gíríìsì kọ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tuntun sí ìsàlẹ̀ òkè Akrópólì, wọ́n ṣí i ní ọdún 2009. Wọ́n to èyí tí ó kù lọ́wọ́ wọn yí òkè ilé náà ká bí ó ti wà lára tẹ́ńpìlì, wọ́n sì fi ẹfun funfun ṣe àwòkọ èyí tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀n sí àyè rẹ̀.