Ẹran Màlúù Sísun pẹ̀lú Ọbẹ̀ Wáìnì ní Lomé

Ẹran màlúù sísun pẹ̀lú ọbẹ̀ wáìnì ni odidi ègé ẹran tí a sun nínú ààrò, tí a sì fi wáìnì pupa ṣe ọbẹ̀ sí látara oje tó kù nínú àwo. Ilẹ̀ Faransé ni irú ọbẹ̀ yìí ti gbilẹ̀. Èyí tó gbajúmọ̀ níbẹ̀ ni ti Bordeaux, tí wọ́n ń fi wáìnì pupa, àlùbọ́sà wẹ́wẹ́ àti mùdùnmúdùn eegun sè. Ẹni tó ń gbé Hanoukopé, àdúgbò kan ní Lomé tí kò jìnnà sí Boulevard du 13 Janvier, lè rí gbogbo èròjà rẹ̀ rà nínú ìlú. Ṣùgbọ́n ẹran Lomé kì í ṣe ẹran Bordeaux, ẹran tó wà nílẹ̀ ló sì yẹ kí alásè wò kó tó dáná.

Ìtàn

Ọtí wà lára ohun tó sọ Lomé di ìlú. Ní nǹkan bí 1880, àwọn oníṣòwò sá fún owó ibodè tí Gẹ̀ẹ́sì ń gbà lórí ọtí àti tábà ní agbègbè Keta, ní Ghana òde òní, wọ́n sì wá ń tajà ní etíkun tí ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì kò tó. Jámánì gba ilẹ̀ náà ní 1884, ó sì fi Lomé ṣe olú ìlú ní 1897. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní lé Jámánì lọ ní 1914, Gẹ̀ẹ́sì ló kọ́kọ́ di Lomé mú, kó tó bọ́ sọ́wọ́ Faransé ní 1920. Tógò gba òmìnira ní 1960, ṣùgbọ́n búrẹ́dì gígùn àti wáìnì kò bá àwọn aláṣẹ Faransé lọ.

Ẹran

Màlúù oníké láti àríwá Tógò, Burkina Faso àti Niger ló pọ̀ lọ́jà. Koríko ni wọ́n ń jẹ, wọ́n máa ń rìn jìnnà, ọ̀rá wọn kò pọ̀, iṣan wọn sì le. Àwọn tó ń yan tchintchinga, tó jọ sùyà, mọ bí wọ́n ṣe ń borí líle yìí: wọ́n á gé ẹran wẹ́wẹ́ kí wọ́n tó gún un mọ́ igi. Odidi ègé kò ní irú ìrànlọ́wọ́ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ẹran ẹ̀yìn, tó rọ̀, nìkan ló yẹ fún iná gbígbẹ. Itan àti èjìká nílò omi, ìdérí àti sùúrù.

Ọ̀nà sísè

A ó nu ẹran gbẹ, a ó fi iyọ̀ àti ata pa á lára, a ó sì dín gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nínú òróró gbígbóná títí yóò fi pọ́n. Pípọ́n yìí kò dí omi mọ́ inú ẹran, bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò; adùn ló ń mú wá. Louis Camille Maillard, ará Faransé, ló ṣàlàyé ìyípadà náà ní 1912.

Fún ẹran ẹ̀yìn, ààrò 180 °C tó. Bí àárín rẹ̀ bá dé 63 °C, a ó gbé e sọ̀ kalẹ̀, a ó sì jẹ́ kó sinmi fún bí ìṣẹ́jú 15 kí oje má baà tú jáde lábẹ́ ọ̀bẹ. Fún itan, a ó da wáìnì àti omi ẹran sí i dé ìdajì, a ó dé e pa, a ó sì fi í sínú ààrò 150 °C fún bíi wákàtí mẹ́ta. Iṣan á yọ́ díẹ̀díẹ̀, ọbẹ̀ á sì máa lẹ̀ mọ́ra bí omi bọ̀kọ̀tọ̀.

Ọbẹ̀ wáìnì

Bí a bá ti gbé ẹran ẹ̀yìn kúrò, a ó da ọ̀rá nù, a ó sì dín àlùbọ́sà àti aáyù díẹ̀ nínú àwo náà. A ó da bí ife wáìnì pupa kan tí kò dùn sí i, a ó sì fi ṣíbí onígi ha gbogbo ohun pupa tó lẹ̀ mọ́ ìdí àwo, torí ibẹ̀ ni adùn wà. Ó gbọ́dọ̀ hó títí yóò fi ku ìdajì. A ó wá fi omi ẹran sí i, a ó sọ ọ́ kalẹ̀, a ó sì po bọ́tà díẹ̀ mọ́ ọn. Kí a má ṣe lo ìkòkò alumíníọ̀mù: kíkan wáìnì máa ń jẹ ẹ́, ọbẹ̀ á sì máa ta irin lẹ́nu.

Ọtí inú ọbẹ̀

Ọtí kì í gbẹ tán lójú iná. Lẹ́yìn híhó ìṣẹ́jú 15, nǹkan bí ìdá 40 nínú 100 ṣì wà níbẹ̀. Lẹ́yìn wákàtí kan, ìdá 25. Lẹ́yìn wákàtí méjì, ìdá 10. Ó yẹ kí Mùsùlùmí, aboyún àti ẹni tó ti jáwọ́ nínú ọtí mọ èyí kí wọ́n tó bu oúnjẹ sẹ́nu. Omi ìṣápá pupa tí a kò fi ṣúgà sí, tí wọ́n ń pè ní bissap ní Lomé àti zobo ní Nàìjíríà, dára gan-an dípò wáìnì: ó pupa, ó sì kan.

Jíjẹ

A ó gé ẹran fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ní ìbú, kí ọ̀bẹ gé fọ́nrán rẹ̀ kéékèèké. Ìrẹsì, iṣu sísè, ọ̀dùnkún díndín àti ablo, ìyẹn oúnjẹ ìrẹsì tàbí àgbàdo tí a fi oru omi sè, ló bá a lọ. Bí ẹran itan bá di ọjọ́ kejì, ó tún máa ń dùn sí i, torí oje ọbẹ̀ á ti wọ̀ ọ́ lára. Bí ó bá ti tutù ni kí a tètè gbé e sínú fíríìjì, kí a sì mú un hó dáadáa kí a tó tún jẹ ẹ́.