Ṣé epo tó pọ̀ jù ló ń mú kí sàlẹ́ńsà ọ̀kadà máa dún pá-pá?

Àhesọ: Bí sàlẹ́ńsà bá ń dún pá-pá nígbà tí ẹ bá dẹwọ́ eré, ẹ dín epo kù.

Àbájáde: Ó ń ṣini lọ́nà. Lára ọ̀kadà oníkabúrétọ̀, àìtó epo ló sábà máa ń fà á. Epo tí kò jó tán nínú ẹ́ńjìnnì á lọ gbiná nínú sàlẹ́ńsà tó gbóná.

Ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí páìpù èéfín ti so mọ́ ẹ́ńjìnnì. Bí gásíkẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ bá bàjẹ́, atẹ́gùn á máa gbabẹ̀ wọlé, ẹ kàn máa yí kabúrétọ̀ lásán ni. Bí ibẹ̀ bá dára, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná, kí ẹ yí síkúrù kékeré tó ń po epo mọ́ atẹ́gùn (kì í ṣe èyí tó ń gbé ìró ẹ́ńjìnnì sókè o) ní ìdámẹ́rin ìyípo lẹ́ẹ̀kan. Tó bá wà lápá ẹ́ńjìnnì, ẹ tú u síta kí epo lè pọ̀ sí i. Tó bá wà lápá fíltà atẹ́gùn, ẹ yí i wọlé.