Microteaching: Ìtàn Ìdánrawò Oníṣẹ́jú Díẹ̀ nínú Ìkọ́ṣẹ́ Olùkọ́

Microteaching ni orúkọ ìlànà ìkọ́ṣẹ́ kan tí a fi ń tọ́ ẹni tí ó fẹ́ di olùkọ́ sọ́nà kí ó tó dúró níwájú kíláàsì gidi. Akẹ́kọ̀ọ́-olùkọ́ yóò kọ́ àwùjọ kékeré, tí kì í sábà ju ènìyàn 10 lọ, ní ẹ̀kọ́ kúkúrú kan tí ó máa ń gba ìṣẹ́jú 5 sí 15. Ọgbọ́n ìkọ́ni kan ṣoṣo ni yóò gbájú mọ́ nínú ẹ̀kọ́ náà. Bí ó bá parí, àwọn tí ó ń wò ó yóò sọ ohun tí wọ́n rí fún un. Yóò tún ètò ẹ̀kọ́ rẹ̀ ṣe, yóò sì tún un kọ́. Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà ni ìlànà yìí ti bẹ̀rẹ̀ ní 1963. Lónìí, ó wà lára iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ máa ń ṣe ní Nàìjíríà kí ó tó gba ìwé-ẹ̀rí olùkọ́ tí a mọ̀ sí NCE. Kámẹ́rà ni ó sọ ìlànà náà di olókìkí káàkiri ayé, ṣùgbọ́n títún ẹ̀kọ́ kọ́ lẹ́yìn àtúnṣe ni ẹ̀mí rẹ̀. Òun náà sì ni ó ṣòro jù lọ láti dì mú nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá pọ̀.

Ìṣòro tí ó ti wà tẹ́lẹ̀

Kò sí iṣẹ́ ọwọ́ tí ọmọṣẹ́ kì í ti í ṣàṣìṣe. Pákó tí ọmọṣẹ́ káfíńtà gé lódì ṣì ṣe é fi kan àpótí kékeré. Aṣọ tí ọmọṣẹ́ télọ̀ rán wọ́ ṣe é tú. Ti olùkọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí a kọ́ ní ìkọ́kúkọ̀ọ́ fún odidi ọdún kan kò ní rí ọdún náà gbà padà. Ìbéèrè tí ó wà nídìí gbogbo ìtàn ìkọ́ṣẹ́ olùkọ́ nìyí: níbo ni olùkọ́ tuntun yóò ti ṣe àṣìṣe rẹ̀, ta ni yóò sì san owó rẹ̀?

Ní ilẹ̀ Yorùbá, àwọn ìjọ ajíhìnrere ni ó kọ́kọ́ dá ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ sílẹ̀. Ní àwọn ọdún 1850, ìjọ CMS bẹ̀rẹ̀ ilé ìkọ́ṣẹ́ kan ní Abẹ́òkúta. Wọ́n gbé e lọ sí Èkó lẹ́yìn náà, nígbà tí ó sì di 1896, wọ́n gbé e lọ sí Ọ̀yọ́, níbi tí ó ti di St. Andrew's College. Ìjọ Onítẹ̀bọmi dá tiwọn sílẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní 1897, ìjọ Mẹ́tọ́díìsì sì dá Wesley College sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1905. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ olùkọ́ ìgbà náà kò dé irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ rárá. Ọmọ tí ó mọ̀wé díẹ̀ ni a ó ní kí ó máa kọ́ àwọn àbúrò rẹ̀. Bí ilé-ìwé bá túká, ọ̀gá tàbí míṣọ́nárì yóò kọ́ òun náà ní ohun tí yóò fi tẹ̀síwájú. Àárín àwọn ọmọ ni ó ti ń kọ́ṣẹ́, àwọn ọmọ ni ó sì ń ru ẹrù àṣìṣe rẹ̀.

Ní àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ tí a gbé kalẹ̀ lọ́nà ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀nà kan wà tí ó sàn ju èyí lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ kan yóò kọ́ kíláàsì àwọn ọmọ ní odidi ẹ̀kọ́ kan. Olùkọ́ àgbà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yóò jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, wọn yóò sì ka àléébù ẹ̀kọ́ náà sí i létí nígbà tí ó bá yá. Ẹ̀kọ́ ńlá wà nínú ìyẹn, ṣùgbọ́n ohun méjì ṣaláìpé. Àléébù tí a kà máa ń pọ̀ débi pé ẹni tí a ń sọ fún kò ní mọ èyí tí yóò kọ́kọ́ mú ṣe. Èkejì ni pé kò sí àyè láti tún un ṣe. Ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ lè kọjá kí ó tó tún kàn án.

Nígbà tí àwọn ọmọ pọ̀

Ní ọjọ́ 17, oṣù kìíní, 1955, ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ń darí bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ tí ó wà ní ilé-ìwé kò tó 500,000 ní 1954. Ní ọdún tí ètò náà bẹ̀rẹ̀, wọ́n ti lé ní 800,000. Ilé-ìwé ṣe é kọ́ kíákíá, ṣùgbọ́n olùkọ́ kò ṣe é kọ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹni tí kò tíì kọ́ṣẹ́ ni wọ́n gbà láti dí àlàfo náà.

Ní 1959, ìjọba àpapọ̀ yan ìgbìmọ̀ kan tí Eric Ashby jẹ́ alága rẹ̀ láti wo ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ gíga ní orílẹ̀-èdè náà. Àbọ̀ wọn jáde ní 1960. Lára ohun tí ó ti inú ìgbìyànjú àsìkò náà wá ni àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ àgbà, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò ti lo ọdún mẹ́ta kí ó tó gba NCE. Èyí tí a dá sílẹ̀ fún Ìwọ̀ Oòrùn ni ó di Kọ́lẹ́ẹ̀jì Adéyẹmí ní Oǹdó. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ tún gbé ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ káàkiri Nàìjíríà ní 1976, àìtó olùkọ́ tún padà wá, ó sì gbòòrò ju ti àtijọ́ lọ. Ní ọdún náà gan-an ni a dá kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba àpapọ̀ ti Òṣíẹ̀lẹ̀, ní Abẹ́òkúta, sílẹ̀. Irú ilé-ẹ̀kọ́ báyìí, tí ó ní láti sọ ọ̀pọ̀ ènìyàn di olùkọ́ láàárín ọdún díẹ̀, ni microteaching wá bá.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Stanford

Dwight Allen, Robert Bush àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ wọn ní Stanford ń wá ọ̀nà tí ẹ̀kọ́ ìṣe fún àwọn olùkọ́ ilé-ìwé girama yóò fi lójú. Wọ́n rí i pé odidi kíláàsì ti pọ̀ jù fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà wọ́n dín gbogbo rẹ̀ kù lẹ́ẹ̀kan náà: wọ́n dín àwọn ọmọ kù, wọ́n dín àkókò kù, wọ́n sì dín ohun tí olùkọ́ yóò dojú kọ kù sí ọgbọ́n kan. Wọ́n tún fọ́ iṣẹ́ ìkọ́ni sí wẹ́wẹ́, wọ́n sì fún ìpín kọ̀ọ̀kan lórúkọ: bí a ṣe ń ṣí ẹ̀kọ́, bí a ṣe ń béèrè ìbéèrè, bí a ṣe ń lo àpẹẹrẹ, bí a ṣe ń yí ọwọ́ padà kí ẹ̀kọ́ má bàa sú àwọn ọmọ, bí a ṣe ń yin ọmọ tí ó gbìyànjú, bí a ṣe ń lo ìdákẹ́jẹ́ẹ́, àti bí a ṣe ń kádìí ẹ̀kọ́.

Ní àsìkò kan náà, ẹ̀rọ tí ó ń gba àwòrán àti ohùn sílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é gbé láti yàrá kan sí èkejì. Keith Acheson, tí ó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ìwádìí níbẹ̀, wà lára àwọn tí ó mú un wọ iṣẹ́ náà. Fún ìgbà àkọ́kọ́, olùkọ́ lè jókòó kí ó wo ara rẹ̀ bí ó ti ń kọ́ni. Kò sí ẹni tí ó ní láti bá a jiyàn pé ó kọ ẹ̀yìn sí àwọn ọmọ tàbí pé òun fúnra rẹ̀ ni ó ń dáhùn ìbéèrè tí ó béèrè. Ní 1969, Allen àti Kevin Ryan tẹ ìwé kan jáde tí wọ́n pe àkọlé rẹ̀ ní *Microteaching*, ìlànà náà sì tàn kálẹ̀ ní Amẹ́ríkà, Bìrìtìkó àti ibòmíràn.

Bí a ṣe ń ṣe é

Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ kan ń kọ́ṣẹ́ láti di olùkọ́ èdè Yorùbá, ọgbọ́n tí ó sì kàn ni ìbéèrè bíbéèrè. Ó yan ohùn lórí ọ̀rọ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́. Ó kọ ọ̀rọ̀ mẹ́rin sójú pátákó: igba, igbá, ìgbà, igbà. Ó ní ìṣẹ́jú 10. Ní ìgbà àkọ́kọ́, ó béèrè pé, “Ṣé ẹ rí i pé wọn kò jọra?” Gbogbo wọn dáhùn pé, “Bẹ́ẹ̀ ni, sà.” Nígbà tí ẹ̀kọ́ parí, alábòójútó fi hàn án pé irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ kò jẹ́ kí a mọ ẹni tí ó gbọ́ àti ẹni tí kò gbọ́. Ó lọ tún ètò rẹ̀ ṣe. Nígbà tí ó padà dé, ó ní kí ẹnì kan sọ èyí tí ó jẹ́ okùn tí a fi ń gun ọ̀pẹ, kí ẹlòmíràn pe èyí tí ó jẹ́ iye, kí ẹ̀kẹta sì sọ ohun tí ó yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹ̀kọ́ kan náà ni, ìṣẹ́jú 10 kan náà ni, ṣùgbọ́n ìbéèrè ti di irinṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí kò bá sí ìgbà kejì, ìmọ̀ràn alábòójútó ì bá dúró sí etí rẹ̀, kì bá tí dé ọwọ́ rẹ̀.

Ìlànà náà ní Áfíríkà

Ìbéèrè tí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ Áfíríkà kọ́kọ́ dojú kọ ni bí wọ́n ṣe fẹ́ ṣe ohun tí ó ní kámẹ́rà nínú níbi tí owó kámẹ́rà kò sí, tí iná mànàmáná kò sì dájú. Èsì pàtàkì kan tètè jáde láti Màláwì. Ní 1971, C. J. Lawless kọ àpilẹ̀kọ kan nípa bí wọ́n ṣe ń ṣe microteaching ní Yunifásítì Màláwì láìlo ẹ̀rọ. Ojú alábòójútó àti ti àwọn ẹlẹgbẹ́, pẹ̀lú ìwé tí wọ́n ń kọ àkíyèsí sí, ni ó dípò kámẹ́rà.

Ní Nàìjíríà, ìlànà náà wọ àwọn ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ní yunifásítì, ó sì wọ àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́. Ètò Ìjọba lórí Ẹ̀kọ́ ti 1977 sọ pé NCE ni yóò di ìwé-ẹ̀rí tí ó kéré jù tí olùkọ́ yóò máa ní nígbà tí ó bá yá. Ní 1989, ìjọba dá àjọ NCCE sílẹ̀ láti máa bójú tó àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì náà. Nínú ìwọ̀n tí àjọ náà là sílẹ̀, microteaching ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀: apá kan jẹ́ àlàyé, apá kejì jẹ́ ìṣe, méjèèjì sì ń ṣáájú ìdánrawò gbọọrọ ní ilé-ìwé, èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní T.P. Àjọ náà tún ní kí kọ́lẹ́ẹ̀jì ní yàrá tí a yà sọ́tọ̀ fún un. Báyìí ni ohun tí ó bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìdánwò ní Stanford ṣe di ẹnu-ọ̀nà tí olùkọ́ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ń gbà wọlé, títí kan ilé-ẹ̀kọ́ Emmanuel Àlàyándé ní Ọ̀yọ́, tí ó ti ara St. Andrew's jáde.

Àríyànjiyàn àti ìwọ̀n àǹfààní rẹ̀

Àwọn kan lòdì sí ìlànà yìí láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní ìkọ́ni kì í ṣe ìwà tí a lè gé sí wẹ́wẹ́ kí a sì tún kó jọ. Donald McIntyre, Gordon MacLeod àti Roy Griffiths kó ìwádìí jọ lórí ọ̀rọ̀ náà nínú ìwé kan tí ó jáde ní 1977. Iṣẹ́ wọn yí ojú ìwòye padà: àǹfààní tí ó ṣe kókó ni pé akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ́ bí a ṣe ń ronú nípa ìkọ́ni, kì í ṣe pé ó ń fara wé ìṣe kan lásán. Nínú ìwé *Visible Learning* tí John Hattie tẹ̀ jáde ní 2009, microteaching wà lára àwọn ohun tí ipa wọn ga jù, pẹ̀lú ìwọ̀n 0.88. Ó yẹ kí a fi ìṣọ́ra ka iye náà, nítorí ìṣe olùkọ́ nínú yàrá ìkọ́ṣẹ́ ni ọ̀pọ̀ irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ ń wọ̀n. Láti ibẹ̀ dé inú kíláàsì ọmọ 60 kì í ṣe ìrìn kékeré.

Nǹkan mìíràn tún yàtọ̀. Ní Stanford, ọmọ ilé-ìwé gidi ni wọ́n gbà pẹ̀lú owó láti wá jókòó bí akẹ́kọ̀ọ́. Ní ọ̀pọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì wa, ẹlẹgbẹ́ ni ó ń ṣe bí ọmọ. Ẹlẹgbẹ́ ti mọ ìyàtọ̀ igbá àti igbà. Kò ní ṣe irú àṣìṣe tí ọmọ ọdún mẹ́jọ yóò ṣe. Nítorí náà, ọgbọ́n tí a fi ń gba ìdáhùn tí kò tọ̀nà lọ́wọ́ ọmọ láìdójú tì í kò rí ìdánrawò tó.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé

Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò wo ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ bí èrò bá pọ̀. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá lo ìṣẹ́jú 10 láti kọ́ni, tí a sì lo ìṣẹ́jú 10 láti bá a sọ̀rọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ 40 yóò gba ìṣẹ́jú 800, èyí tí ó lé ní wákàtí 13. Bí gbogbo wọn bá tún un kọ́, ó di wákàtí 26 àti ìṣẹ́jú 40, lórí ọgbọ́n kan ṣoṣo. Ẹ̀kọ́ tí ó ní wákàtí méjì lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 13 kò ní ju wákàtí 26 lọ. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá jẹ́ 100 lábẹ́ olùkọ́ kan, ìgbà àkọ́kọ́ nìkan ti kọjá wákàtí 33. Àtúnkọ́ ni a ó kọ́kọ́ gé kúrò, nítorí kò hàn lójú ìwé máàkì. Ohun tí ó kù yóò wá jọ ẹ̀kọ́ àríwísí ti àtijọ́: a kọ́ni lẹ́ẹ̀kan, a gbọ́ àléébù, a sì jókòó.

Ẹ̀rọ kò tún jẹ́ àwáwí mọ́. Fóònù tí akẹ́kọ̀ọ́ mú wá sí kíláàsì lè gba ẹ̀kọ́ rẹ̀ sílẹ̀ kí ó sì wò ó nílé. Ohun tí ó ṣọ̀wọ́n ni àkókò, àwùjọ kékeré, àti olùkọ́ tí ó tó láti bójú tó wọn. Ilé-ẹ̀kọ́ tí ó bá pín akẹ́kọ̀ọ́ sí ọ̀wọ́ mẹ́wàá-mẹ́wàá, tí ó pe àwọn ọmọ díẹ̀ láti ilé-ìwé tí ó wà nítòsí wá, tí ó sì jẹ́ kí olúkúlùkù padà sídìí pátákó lẹ́ẹ̀kejì, ti ṣe microteaching, bí kò tilẹ̀ ní kámẹ́rà kan. Èyí tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀ kò mú àṣìṣe kúrò lọ́wọ́ olùkọ́ tuntun. Ó kàn fi í ránṣẹ́ sí kíláàsì àwọn ọmọ ni.