Àkurákudà Tí Kò Sí Nínú Ìwé

Bí a bá ti ń sọ̀rọ̀ ìtàn nínú kíláàsì, ọba, ogun àti ìwé àtijọ́ ló máa ń wá sí wa lọ́kàn. Lónìí, ìtàn ẹja kan la fẹ́ sọ.

Ní ọjọ́ 15 oṣù Kọkànlá ọdún 1976, ọkọ̀ ojú omi kan tó jẹ́ ti àwọn ológun Amẹ́ríkà ń ṣe ìwádìí nítòsí erékùṣù Oahu ní Hawaii. Wọ́n ti ju ìdákọ̀ró kan tó rí bí agboòrùn ńlá sínú omi, ó sì lọ sílẹ̀ tó nǹkan bíi mítà 165. Nígbà tí wọ́n fà á sókè, àkurákudà kan ti há sí i. Ó gùn ju mítà mẹ́rin lọ, ó sì wúwo tó nǹkan bíi kílò 750. Kò sí ìwé kankan tó mẹ́nu kan irú rẹ̀ rí.

Wọn kò dá a padà sómi. Wọ́n gbé e wá sí èbúté, àwọn onímọ̀ sì yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní. Ọdún 1983 ni Taylor, Compagno àti Struhsaker tó fún un lórúkọ: Megachasma pelagios. Èdè Gíríìkì ni, ìtumọ̀ rẹ̀ sún mọ́ "ẹnu gbàgàdà inú òkun." Síbẹ̀, pẹ̀lú bí ẹnu náà ṣe tóbi tó, àwọn nǹkan kéékèèké bí edé ló ń fi sẹ́ nínú omi jẹ.

Ní 1984, àwọ̀n àwọn apẹja mú èkejì nítòsí erékùṣù Catalina ní California. Òun ló dé Natural History Museum of Los Angeles County, tí wọ́n tẹ́ ẹ sínú ọtí tí kì í jẹ́ kó jẹrà, kí gbogbo ènìyàn lè wò ó. Ní 1990, wọ́n mú òmíràn láàyè, wọ́n so ẹ̀rọ kékeré mọ́ ọn, wọ́n sì tú u sílẹ̀. Ọjọ́ méjì tí wọ́n fi tọ̀ ọ́ lẹ́yìn fi hàn pé ibú ló máa ń wà lọ́sàn-án, tí yóò sì gòkè wá sí ìtòsí ojú omi lóru.

Ní 1995, wọ́n mú ọ̀kan ní etí Dakar ní Senegal. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn nínú òkun Àtìláńtíìkì, òkun kan náà tó ń fọ́ sí etí Èkó àti Kútọnu.

Ohun tó kàn wá níbẹ̀ ni pé àìrí kì í ṣe àìsí. Ẹja náà ti wà kí ìwé tó mọ̀ ọ́n. Ká ní àwọn atukọ̀ yẹn ti dá a padà sómi lọ́jọ́ náà, a kì bá má mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ti rí i. Bí a bá ń kọ iṣẹ́ àṣejáde lórí ìlú wa, tí àgbà kan sọ ohun tí kò sí nínú àkọsílẹ̀, ẹ má jẹ́ ká sáré pè é ní irọ́. Ẹ jẹ́ ká gbà á sílẹ̀, ká sì tọ́jú rẹ̀, kí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn wa lè rí nǹkan yẹ̀ wò.