Oríta Ọjà-Ọba, Òṣogbo

Bí ẹ bá béèrè oríta tó lókìkí jù l'Òṣogbo lónìí, Ọláìyá ni àwọn awakọ̀ yóò kọ́kọ́ dárúkọ, nítorí afárá tí ìjọba Oyètọ́lá kọ́ síbẹ̀. Àwa kò bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ mọ bí Òṣogbo ṣe di ìlú, Ọjà-Ọba ni kó ti sọ̀ kalẹ̀. Níbẹ̀ ni ààfin Àtáọ́ja wà, tí ọjà wà níwájú rẹ̀, bí ó ti rí ní ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá.

Kì í ṣe ibẹ̀ ni ọba kọ́kọ́ tẹ̀dó sí. Ìtàn sọ pé láti Ìpólé nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni Láròóyè àti Olútìmẹ́hìn ọdẹ ti ń wá omi kiri tí wọ́n fi dé etí odò Ọ̀ṣun. (Àwọn Ìjẹ̀ṣà inú kíláàsì wa kì í jẹ́ ká gbàgbé ọ̀rọ̀ Ìpólé yìí!) Wọ́n gé igi, igi wó sínú odò, ohùn kan sì ké látinú omi pé àwọn oṣó inú igbó ti fọ́ ìkòkò aró òun. Ibẹ̀ ni wọ́n ní orúkọ Òṣogbo ti wá. Ẹja tí odò fi ta ọba lọ́rẹ, tí ó tẹ́wọ́ gbà, ló sì bí oyè Àtáọ́ja. Inú igbó yẹn ni ààfin àkọ́kọ́ wà kí ìlú tó ṣí wá sókè.

Nítorí náà, bí Arugbá bá gbé igbá jáde láàfin lóṣù kẹjọ, tí èrò kún Ọjà-Ọba fọ́fọ́, ibi tí ìlú ti ṣí wá ló ń padà sí.

Igbó náà tó hẹ́kítà 75. Ìjọba àpapọ̀ sọ ọ́ di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní 1965, UNESCO sì fi kún ogún àgbáyé ní 2005. Susanne Wenger, Àdùnní Olórìṣà, ọmọ Austria, àti àwọn oníṣẹ́ ọnà bí Adébísí Àkànjí ló tún àwọn ojúbọ ibẹ̀ ṣe.

Nígbà tí àwa dé etí odò, omi pọ́n bí amọ̀. Àwọn tó ń wa góòlù nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ń da ẹrẹ̀ sínú omi, ó sì ń ṣàn bọ̀. Ilẹ̀ tí Láròóyè fi sílẹ̀ torí omi nìyẹn o! Ìyá kan tó ń ta kẹ́ẹ̀gì fún àwọn tó fẹ́ pọnmi sọ fún wa pé tẹ́lẹ̀, òun máa ń mu ún. Ní báyìí, ó kàn ń fi í bọ́jú ni.